Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Já Bàálù Lulẹ̀ ní Ìláró

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó wà lókè kì í dọ̀bálẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sọ́hùn-ún yẹn ti fẹ́ dáhùn. Ẹ máa ní akọ̀pẹ ni. Ẹ máa ní akọ̀pẹ kan wà lórí ọ̀pẹ, ọba ń kọjá lọ nísàlẹ̀, akọ̀pẹ fẹ́ kí ọba, ó sì ré bọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Akọ̀pẹ tó so igbà mọ́dìí, kí ni yóò mú un ré bọ́? Kò sí akọ̀pẹ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàálù ni. Bàálù alábẹ́bẹ̀ méjì ni, inú pálọ̀ ló sì ti já, ní Ìláró, lọ́jọ́ Àìkú kan, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí wà nínú ẹ̀ nígbà tó já.

Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ bi mí pé ìgbà wo ni àwọn àgbà mọ bàálù tí wọ́n fi ń fi í pòwe, kó fara balẹ̀ ná. Ṣé ẹ rò pé wọ́n ti parí òwe pípa ni? Ṣé àgbà ti tán nílẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Bàbá Bàálù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dúró sórí ilẹ̀, kó mú pátákó pupa méjì lọ́wọ́, kó máa jù wọ́n síbí, kó máa jù wọ́n sọ́hùn-ún, kí awakọ̀ bàálù lè mọ ibi tí yóò dúró sí. Bàálù tó ga ju ilé lọ, bó bá ti gbé pátákó méjèèjì pàdé lókè orí, ó dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàálù rí. Kò wọ̀ ọ́ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ wo ìyẹn. Bí alásè tó ń se ọbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí kò tọ́ ọ wò.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà ńlá kan ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú eré kan tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù. Kì í ṣe eré ọmọdé o. Gbogbo ohun tó wà níwájú awakọ̀ bàálù gidi ló wà níbẹ̀. Ó ní ìdarí kan tó rí bí ìwo àgbò. Bó o bá fà á mọ́ra, imú bàálù á gbé sókè, bó o bá tì í síwájú, imú á dorí kodò. Ó ní ọ̀pá kékeré méjì, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Bàbá Bàálù lọ ra àga onígbàjámọ̀ àlòkù, ó gbé e sí àárín pálọ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di awakọ̀. Bàálù tó yàn láàyò ni alábẹ́bẹ̀ méjì, irú èyí tí abẹ́bẹ̀ ń yí fìrìfìrì níwájú apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní èyí tí kò ní abẹ́bẹ̀, òun ò fọkàn tán an, nítorí èèyàn ò rí ohun tó ń gbé e lọ.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti ń gbéra ní Ìkẹjà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, á balẹ̀ sí Kánò, á yí padà wá jẹun ọ̀sán. Bó o bá yà kí i, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá Ìbíwùmí ṣì wà lókè Lọ́kọ́ja, ẹ jókòó dè wọ́n."

Ìyàwó rẹ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ìyá Ìbíwùmí kò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí kò bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò bá a ṣe. Bó bá lọ sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá bá a sọ̀rọ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá yí bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó jẹ́ pé àwòrán ló ń yí, férémù ilẹ̀kùn ni obìnrin yìí á dì mú.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Ìbíwùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kàlàbá lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Oyún wá dúró, ó wọ oṣù kẹsàn-án, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ rìn jìnnà. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ? Ta ni yóò na ìkókó lápá, nà án lẹ́sẹ̀? Ìyá rẹ̀ ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Ìrìn mọ́tò láti Ìláró dé Kàlàbá, ọjọ́ kan gbáko kò tó o, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ń dun Ìyá Ìbíwùmí débi pé láti ibí dé Èkó lásán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ní kí wọ́n dúró kí òun nàró. Bàálù nìkan ló kù. Wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì fún Ọjọ́bọ̀. Alábẹ́bẹ̀ méjì ni bàálù ọ̀hún.

"Mi ò lọ," ni Ìyá Ìbíwùmí wí.

"Àwẹ̀ró," oríkì rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi ń pè é, "ọdún mẹ́sàn-án mà ni."

"Èmi ni mo gbààwẹ̀ ẹ̀, mo mọ iye tó jẹ́." Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Bàbá Ìbíwùmí, ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ lọ ni? Ọkàn mi ti dé Kàlàbá. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbà."

Òótọ́ ló sọ. Ojoojúmọ́ ló ń ká aṣọ ìkókó, tó ń tú u, tó ń tún un ká. Bàbá Bàálù ronú títí, ó wá mú àbá kan wá.

"Ó dáa. Èmi ni n ó gbé ẹ lọ Kàlàbá, níbí, nínú pálọ̀ wa, lọ́jọ́ Àìkú. A ó gbéra ní Ìkẹjà, a ó fò, a ó balẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa rí lọ́jọ́bọ̀. Bó o bá fojú ara rẹ rí i pé kò sí ohun tó ṣe wá, ṣé wàá lọ?"

Ìyàwó rẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọkọ rẹ̀. "Bí ẹ bá gbé mi sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀, màá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá já, Bàbá Ìbíwùmí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ bàálù sí mi létí mọ́ láyé."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn.

Kò yẹ kó ju àwọn méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe rí. Ta ló ń rìnrìn àjò ní Ìláró tí a kì í sìn? Ìyá Ìbíwùmí sọ fún Ìyá Rísíkà, aládùúgbò wọn, pé òun ń wọ bàálù lọ́jọ́ Àìkú láago mẹ́rin. Ó gbàgbé láti sọ pé bàálù inú pálọ̀ ni. Tàbí kò gbàgbé, èmi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó fẹ́ kí èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ òun. Kó tó di aago mẹ́ta ààbọ̀, ilé ti kún. Ẹlẹ́lùbọ́ gbé ẹ̀lùbọ́ dé, aláta gbé ata gbígbẹ dé, ẹnì kan gbé ìgò àdí àgbọn tí wọ́n á fi para ọmọ, ẹnì kan gbé irú tó ti ń rùn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Rísíkà gbé odindi àpò ẹ̀lùbọ́. Nígbà tí wọ́n là á yé wa pé orí àga ni bàálù náà wà, kò sẹ́ni tó padà sílé.

"A kúkú ti wá," ni Ìyá Rísíkà wí, ó sì wá ibi jókòó sí.

Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo wa. Bàbá Bàálù wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí èrò di bẹ́líìtì. Níbo la ti fẹ́ rí bẹ́líìtì? Àwọn obìnrin bá fi ìborùn so ara wọn àti àwa tá a wà nítòsí mọ́ sófà. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni Ìyá Ìbíwùmí jókòó sí, ó gbé báàgì lé itan, ó di ojú méjèèjì pinpin. Orí àpótí ni wọ́n fi èmi sí, lẹ́bàá fèrèsé.

"A fẹ́ gbéra o," Bàbá Bàálù kéde. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde mọ́."

"Ṣé mo lè yára lọ tọ̀?" Ìyá Rísíkà bèèrè.

"Ẹ ti pẹ́ jù."

Ó ti ọ̀pá méjèèjì síwájú. Abẹ́bẹ̀ ọ̀tún bú, abẹ́bẹ̀ òsì bú, ife tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n. Ilẹ̀ Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí sá sẹ́yìn, ó ń sá, ó ń sá, ó wá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa. Apá ọ̀tún pálọ̀ ké pe Jésù, apá òsì ké pe Ọlọ́hun. Èmi, mo di irin fèrèsé mú, mo sì mọ̀ dájú pé orí àpótí ni mo wà.

Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú ọ̀run mọ́, ìkùukùu funfun wà nísàlẹ̀, bàálù ń lọ bí ọkọ̀ lórí ọ̀dà tuntun. Nígbà tó ṣe, Ìyá Ìbíwùmí la ojú kan. Ó tún dì í. Ó tún là á. Ó wá ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú ẹ̀pà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Mo rí ẹ̀rín lẹ́nu Bàbá Bàálù nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹ ẹ̀pà.

Ìgbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn lójú ọ̀run?" Ìyá Ìbíwùmí fò sókè.

"Èmi Ganíyù télọ̀ ni! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹ má ṣí i o! Atẹ́gùn á gbé gbogbo wa lọ!"

Ganíyù bá yí wá sójú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà ẹgbàáje sókè pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó ki ọwọ́ gba àárín irin fèrèsé, ó na fìlà ìkókó mẹ́ta sí mi. "Ẹ bá mi fi wọ́n lé Ìbíwùmí lọ́wọ́. Ibo lẹ dé báyìí?"

"A ti kọjá Bẹ̀níì."

"Ẹ mà yá o," ni Ganíyù wí, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wò wá.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé iná ló máa lọ. Ẹ ò mọ Bàbá Bàálù nìyẹn. Ó ti ra bátìrì ńlá méjì sílẹ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Iná tilẹ̀ lọ lóòótọ́ nígbà tí a wà lókè Ọ̀wẹ̀rì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi fáànù. Kì í ṣe iná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́.

Bàbá Láníyọnu ni. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Bàálù ni, òun ni olórí ẹbí wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Èèyàn dáadáa ni, kì í gba nǹkan ẹnikẹ́ni, kì í ṣèkà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a jà, ìyẹn ìkíni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan fi orúnkún kan ṣoṣo kúnlẹ̀ kí i nígbà kan, torí èkejì ń dùn ún; ọdún mẹ́ta ni Bàbá Láníyọnu kò fi mu omi nílé obìnrin náà. Wọ́n ti sọ fún un pé ìyàwó ẹbí ń rìnrìn àjò, ó sì ti ń bọ̀ wá ṣàdúrà fún un. Olórí ẹbí kì í kan ilẹ̀kùn. Ọ̀nà kíṣìnnì ló gbà wọlé.

Lákòókò yẹn, a ti fẹ́ dé. Ẹsẹ̀ bàálù ti jáde. Ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ ti hàn níwájú gbọọrọ, iná wẹ́wẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Ìbíwùmí ti la ojú méjèèjì, ó tilẹ̀ ti ń nàka.

"Ṣé ibẹ̀ yẹn ni Kàlàbá?"

"Ibẹ̀ ni, Àwẹ̀ró."

"Ó mà rẹwà o."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wa. A bojú wẹ̀yìn, a rí Bàbá Láníyọnu pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Kíá, gbogbo èrò ti wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, sófà tí wọ́n so mọ́ra sì wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ganíyù dọ̀bálẹ̀ níta. Orí rẹ̀ la kàn rí tó pòórá lójú fèrèsé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí ìjókòó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá," ni awakọ̀ wí láì yíjú.

"Ta ló ń fi ìpàkọ́ kí mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mò ń balẹ̀ lọ́wọ́ ni."

"Mo rí i. O jókòó."

Bàbá Bàálù gbé ọwọ́ kan sókè láti kí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di ìdarí mú, nítorí náà ti òsì ló gbé.

"Ọwọ́ òsì!" Bàbá Láníyọnu fi ọ̀pá gúnlẹ̀ gbì.

Bàbá Bàálù sáré pààrọ̀ ọwọ́. Bàálù fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Àwọn obìnrin lọgun. Ó wá ronú pé kí òun tẹríba láti orí àga. Ó fi orí àti àyà tẹ̀ síwájú, ìdarí tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀, bàálù náà sì tẹríba fún Bàbá Láníyọnu pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀.

"Èyí ni ìdọ̀bálẹ̀?" Bàbá bi gbogbo wa. "Bí bàbá wa bá jí dìde tó wọlé báyìí, ṣé bó ṣe máa kí i nìyẹn? Kò burú. N ó máa lọ."

Ó yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí olórí ẹbí bá fi ìbínú jáde nílé lọ́jọ́ ìrìn àjò, láì ṣàdúrà, ta ni yóò rin ìrìn náà? Ìyá Ìbíwùmí gan-an ló figbe ta.

"Bàbá Ìbíwùmí, ẹ dìde kí wọn o! Nítorí ọmọ mi!"

Bàbá Bàálù wo mítà. Ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀rin ló kù ká kanlẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ṣírò ó: ìdọ̀bálẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, dídìde, méjì, àyè wà. Ìṣirò náà kò burú. Ohun tó gbàgbé láti fi kún un ni àdúrà. Ó fi ìdarí sílẹ̀, ó bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó nà gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Èèyàn kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Láníyọnu kó dìde kí Bàbá tó ṣàdúrà tán.

"Wàá dàgbà," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀.

"Àmín!"

"Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀."

"Àmín!"

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀ ń bọ̀. Ohùn òyìnbó kan nínú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n fà á sókè. Inú Bàbá Láníyọnu dùn. "Ẹ ò rí i, ẹ̀rọ pàápàá ń ṣe àmín."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ohùn Bàbá Bàálù wá láti inú kápẹ́ẹ̀tì.

"Má já àdúrà mọ́ mi lẹ́nu. Ìyàwó wa á lọ ire, á bọ̀ ire."

"Àmín," a ní, ṣùgbọ́n ojú wa wà lára ọ̀pẹ tó ń sún mọ́ wa.

"Gbogbo èrò inú bàálù yìí, kò sí èyí tí yóò já láti òkè wá—"

Gbòà!

Apá kan lọ síbí, abẹ́bẹ̀ kan lọ sọ́hùn-ún. Ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n, ó wá dúdú.

"Àmín o!" ni Ganíyù wí láti ìta, torí òun ò tíì dìde.

Ìyá Ìbíwùmí dìde nílẹ̀. Kò pariwo. Ó tú ìborùn tó fi so ara rẹ̀, ó ká a. "Mo ti kú," ó ní. "Mo kú ní Kàlàbá lónìí, gbogbo yín rí i. Mi ò ní lọ kú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́bọ̀." Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá Rísíkà rọra fa àpò ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bàbá Bàálù kò dìde nílẹ̀. Mo rí i tó fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Ẹ̀rín tí mo ti ń mú mọ́ra kúrò lẹ́nu mi.

Fóònù Ìyá Ìbíwùmí dún lórí sófà. Bàbá Láníyọnu ló sún mọ́ ọn, òun ló gbé e. Kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo wa ti gbọ́ ohùn Ìbíwùmí.

"Màámi, ṣé ẹ ti di ẹrù? Ọmọ yìí ti ń sọ̀ kalẹ̀ o. Mo ní kó ní sùúrù, kó dúró de ìyá àgbà ẹ̀ dọjọ́bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọmọ o. Ẹ má pẹ́."

"Ìyá rẹ ń bọ̀," ni Bàbá Láníyọnu wí, ó sì pa fóònù. Ó wo bí pálọ̀ ṣe rí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Bàbá Bàálù ṣàlàyé fún un láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, àdéhùn, ẹyin, Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹ̀.

"Ta ló wá já bàálù náà?"

Gbogbo wa ń wo àjà. Ta ló fẹ́ sọ ọ́? Láti inú yàrá, a gbọ́ ohùn Ìyá Ìbíwùmí. "Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀, Bàbá. Ọkọ mi ò ṣẹ̀." Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ìyàwó ilé kì í parí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Bàbá Láníyọnu mi orí. Ó tún mi orí. Ni ikùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó fi ní láti di ọ̀pá mú. "Èmi ni! Èmi tí mo wá ṣàdúrà kó má já, èmi ni mo já a!" Ó nu ojú. "Àbúrò mi, dìde. Gba orí àga lọ, tún un gbé. Ìyàwó, jáde wá. Èmi náà ń bá yín lọ. Bó bá já, a jọ kú ni."

Ta ni yóò kọ̀ fún un? Ìyá Ìbíwùmí jáde. Bàbá Bàálù gbé bàálù láti òkè Bẹ̀níì, torí ẹ̀rọ náà gbà kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bàbá Láníyọnu gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì ní ẹni tó bá wúkọ́, òun àti onítọ̀hún ni. Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́. Ọ̀wẹ̀rì kọjá. Ẹsẹ̀ bàálù jáde. Iná wẹ́wẹ́ Kàlàbá hàn.

Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí, Pásítọ̀ ìjọ wọn wọlé.

Mo rí ìdí Bàbá Bàálù tó kúrò lórí àga. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, kò mọ̀ ọ́n mọ̀. Ìdí náà ló ń dá dìde, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni. Bàbá Láníyọnu gbé ọ̀pá lé e léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Jókòó! Ẹni tó wà lókè kì í dọ̀bálẹ̀. Bó bá balẹ̀, á kí yín, Pásítọ̀."

Pásítọ̀ dúró lójú kan pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ilẹ̀ ń bọ̀, ó ń bọ̀. Táyà kan ilẹ̀. Mo ní ó kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó kàn án. Bàálù sáré díẹ̀, ó rìn, ó dúró.

"Ṣé ó ti dúró pátápátá?" Bàbá Láníyọnu bi í.

"Ó ti dúró, Bàbá."

"Ó yá. Dọ̀bálẹ̀."

Bàbá Bàálù nà gbalaja fún àwọn méjèèjì. Ìyá Ìbíwùmí ń wo tẹlifíṣọ̀n, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Rísíkà," ó ní, "ẹ gbé ẹ̀lùbọ́ yẹn padà wá."

Ó lọ lọ́jọ́bọ̀. Ó wọ bàálù gidi, abẹ́bẹ̀ ọ̀tún bú, abẹ́bẹ̀ òsì bú, ó dijú, ó lajú, ó mú ẹ̀pà jáde. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ kankan àfi pé ìjókòó tiwa rọ̀ jù. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí àwọn ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò fi lọ sọ fún awakọ̀ pé ìyá àgbà kan wà lórí ìlà kìn-ín-ní tí kò wọ bàálù rí. Ọmọ Yorùbá tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni awakọ̀ náà. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo bàálù sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Èmi awakọ̀ yín ni o. Mo dọ̀bálẹ̀."

Háà! Ìyá Ìbíwùmí tú bẹ́líìtì. Kí wọ́n tó dì í mú, ó ti dé ìdí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lù ú. "Dìde! Ọmọ mi, dìde nílẹ̀! Gba orí àga lọ! Ẹni tó wà lókè kì í dọ̀bálẹ̀!"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á. Ó ní òun ò ní jókòó àfi bí òun bá gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ pé ó ti dìde. Àwọn èrò bi í léèrè ohun tó dé, ó sọ fún wọn pé awakọ̀ ti nà gbalaja sílẹ̀. Gbogbo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Dìde o! Ẹni tó wà lókè kì í dọ̀bálẹ̀!"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún dún. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ti dìde o."

"Ṣé o ti jókòó?"

"Mo ti jókòó, Mà."

Ìgbà náà ló tó padà sí ìjókòó rẹ̀. Ọjọ́ kejì tó dé ni Ìbíwùmí bí obìnrin làǹtìlanti, ìyá àgbà rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Àwọn èrò bàálù yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, oníkálukú sí ìlú tirẹ̀, títí ó fi dé etí yín tẹ́ ẹ ń sọ pé ti akọ̀pẹ ni. Nítorí náà, bó o bá wọlé bá èèyàn tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò dìde kí ọ, má ṣe fi ọ̀pá gúnlẹ̀. Wá ibì kan jókòó sí, kó o máa jẹ ẹ̀pà, kó o sì dúró kó balẹ̀. Ẹni tó wà lókè kì í dọ̀bálẹ̀.